Àmín Tí Mo Fẹnu Ara Mi Ṣe

Rárá o, Ààfáà, ẹ má ní kí n jókòó! Mi ò jókòó. Mìnbárì tí ẹ dúró lé ní Jímọ̀, ta ló kàn án? Ṣé èmi kápẹ́ńtà yìí kọ́ ni? Pákó tó gbẹ dáadáa ni mo fi ṣe é, ọwọ́ ara mi ni mo fi fá àtẹ̀gùn rẹ̀ kí igi má baà gún yín lẹ́sẹ̀, ẹ wá gun orí ẹ̀, ẹ bú mi lójú gbogbo jámáà!

Ẹ ní kí ni? Ẹ ní ẹ ò dárúkọ mi? Hẹ̀! Lóòótọ́, ẹ ò dárúkọ mi. Ṣùgbọ́n ta ló wá bá yín ní Túsìdeè lẹ́yìn ìrun alaásárì, tó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà yìí, tó jókòó sórí ẹní yìí, tó ń sunkún bí ọmọdé? Mo ní, Ààfáà, iyè ìyá mi ti ra. Mo ní tí ilẹ̀ bá ti mọ́ báyìí, wọ́n á ní àwọn ń lọ bá ìyá àwọn nílé, ìyá tó ti kú kí wọ́n tó bí mi! Mo ní wọ́n bọ́ sí títì lóṣù tó kọjá, díẹ̀ ló kù kí típà gbá wọn, ọpẹ́lọpẹ́ aránṣọ òdìkejì wa tó sáré fà wọ́n láṣọ. Mo ní ìyàwó mi ń kọ́ni, aago méjì ló ń dé, èmi náà gbọ́dọ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù, ìdí nìyẹn tí mo fi ń tilẹ̀kùn mọ́ wọn láàárọ̀, mo gbé oúnjẹ sílẹ̀, mo gbé omi sílẹ̀, mo tan rédíò, mo sì ń sáré wá wò wọ́n láago mọ́kànlá. Mo ní, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni? Ohun tí mo bi yín ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ní ẹ máa wo inú ìwé.

Inú ìwé! Ìwé wo ló ní kí ẹ gbé mi gun mìnbárì?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán. Ẹ mọ ọ̀rọ̀ sọ, Ọlọ́run ló fún yín, mi ò ní purọ́ mọ́ yín. Ẹ kọ́kọ́ rẹ ohùn sílẹ̀ débi pé gbogbo wa na ọrùn. Ẹ ní, "Ta ló ṣílẹ̀kùn ayé fún ọ?" Ẹ dákẹ́. Ẹ tún bi wá, ẹ tún dákẹ́. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ẹ wá gbé ohùn sókè: "Ọmọ kan wà ládùúgbò yìí, ẹni tó ṣílẹ̀kùn ayé fún un, ojoojúmọ́ ló ń tilẹ̀kùn mọ́ ọn!" Háà! Mọ́ṣáláṣí mì tìtì! Èmi tí mo ń so igi mọ́ igi, mo mọ ohun tó bá wọ ara wọn, ọ̀rọ̀ yẹn wọ ara wọn láìsí àyè tí abẹ́rẹ́ lè gbà. Omi bọ́ lójú mi. Wàláhì, mò ń sunkún nítorí ìyá ẹni ẹlẹ́ni! Mo ní irú ọmọ wo rèé? Ẹ wá ṣàdúà, ẹ ní kí Ọlọ́run ti ilẹ̀kùn àánú mọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, mo ké àmín. Ẹ̀ẹ̀mẹta! Ohùn mi ló ròkè jù. Bàbá tó ń tún aago ṣe, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tiẹ̀ mi orí sí mi, inú wọn dùn.

Ìgbà tí mo wá ki ọwọ́ bàpò kí n mú áńkáṣíìfù nu ojú, kí lọwọ́ mi bà? Kọ́kọ́rọ́! Kọ́kọ́rọ́ ilé mi, Ààfáà! Lásìkò yẹn gan-an, ìyá mi wà nínú ilé tí mo tì. Àṣìtàfurulái! Ṣé ẹ ti rí ẹni tó ṣàmín sí èpè ara rẹ̀ rí?

Mi ò dá ara mi mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ṣé ẹ mọ ìdí? Ẹ yọ títì kúrò. Ẹ yọ típà kúrò, ẹ yọ oúnjẹ, ẹ yọ rédíò, ẹ fá ọ̀rọ̀ mi bí mo ṣe ń fá pákó, títí ó fi dán. Ó dán lóòótọ́! Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ẹ fá dànù yẹn, èmi ni.

Ẹ ní torí kí àwọn tó pa ìyá wọn tì lè ronú ni? Èwo nínú wọn ló ronú? Alápatà tí kò dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, ṣebí ó bọ̀ yín lọ́wọ́, ó ní wáàsí yín dùn, ó bá lọ jẹun!

Èmi ni mo ronú. Ní Mọ́ńdè, mo dúró nídìí ilẹ̀kùn, àmín yẹn ń dún létí mi, mi ò lè yí kọ́kọ́rọ́. Mo fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ẹ mọ ibi tí a ti rí ìyá mi? Ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ní títì ńlá, ẹsẹ̀ òsì ti yẹ̀, kò sí bàtà, wọ́n ń bẹ gbogbo ẹni tó ń kọjá pé kí wọ́n júwe ilé ìyá àwọn fún àwọn. Wọ́n rí mi, wọ́n kí mi, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ṣé ẹ mọ ìyá mi?" Èmi! Ọmọ wọn!

Ẹ má sunkún, Ààfáà. Mi ò tìtorí ẹkún yín wá. Ẹ má sì ní kí n ṣe sùúrù.

Kọ́kọ́rọ́ náà rèé, mo gbé e síwájú yín. Lọ́la láago méje, ẹ ó wá sílé mi, ẹ ó jókòó ti ìyá mi títí di aago mọ́kànlá, kí ẹ rí bí wọ́n ṣe ń ṣe nídìí ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín yí kọ́kọ́rọ́ yẹn, tàbí kí ẹ ní kí n jù ú nù. Tó bá sì di Jímọ̀, ẹ gun mìnbárì, ẹ gba àdúà yẹn padà. Ẹ ò gbọdọ̀ sáré sọ ọ́ kọjá o! Ẹ rẹ ohùn sílẹ̀, ẹ bi wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ dákẹ́ níbi tó yẹ, kí ẹ wá gbé e sókè. Kó dùn tó ti àkọ́kọ́. Kó dùn jù ú lọ! Torí èmi ni màá kọ́kọ́ ké àmín, mo sì fẹ́ ké e dọ́kàn.