Èmi Ni Iwin Tí Àbúrò Mi Rí Nídìí Kòkó

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn tí ọkọ mi pàápàá kò gbọ́ rí. Mo fẹ́ sọ ọ́ báyìí nítorí pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ mú Bọ́lá, àbúrò mi, lọ gbààwẹ̀ lórí òkè àdúrà, bẹ́ẹ̀ oyún wà nínú rẹ̀. Èmi ni mo fà á.

Ìjurìn ni wọ́n bí wa sí, àgbẹ̀ kòkó sì ni bàbá wa. Bí wọ́n bá ti fọ́ kòkó, tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó kó lè kan, èmi àti Bọ́lá ni wọ́n máa ń ní ká ṣọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kan, mo fẹ́ lọ kọ́ orin ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ronú pé bí Bọ́lá bá sá kúrò lóko, òun ni ìyá wa máa bá wí. Mo ní mo ń lọ ṣẹ́gi. Mo fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ we ara mi láti orí dé ẹsẹ̀, mo yọ sí i lẹ́yìn òkìtì kòkó, mo sì ń kùn hùn-ùn.

Ẹ jọ̀ọ́, eré ni mo pè é. Ọmọ náà ké, ó ṣubú, ó tọ̀ sára, ó sá lọ sílé. Èmi lọ kọrin ní tèmi. Nígbà tí mo délé, ó ń sọ pé iwin lòun rí. Mo ní òótọ́ ni, pé èmi náà gbọ́ ohùn rẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí òórùn kòkó tó ń kan bá ti dé imú Bọ́lá, àyà rẹ̀ á máa já, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n. Àgbẹ̀ kòkó ló tún wá fẹ́. Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ní iwin ló ń tẹ̀lé e, oyún rẹ̀ ló sì fẹ́ gbà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ mú un lọ sórí òkè.

Lóṣù tó kọjá, mo sìn ín lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìjerò. Bọ́lá ní, "Dókítà, iwin ni mo rí. Ó lé mi dé ulé."

Dókítà ṣàlàyé pé bí ẹ̀rù bá ba èèyàn gidigidi, ara máa ń tú họ́mọ̀nù kan sínú ẹ̀jẹ̀. Òun ló ń mú kí àyà máa lù kìkì, òun náà ló ń mú kí ọpọlọ di ọjọ́ náà mú pinpin, tòun ti òórùn ibẹ̀. Ó ní ẹ̀rù náà ṣeé lé lọ díẹ̀díẹ̀, bí èèyàn bá fi sùúrù ràn án lọ́wọ́. Ó wá yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ ohun tó dẹ́rù bà á?"

Mo ní, "Rárá o, sà." Ojú ń tì mí nítorí irọ́ yẹn ju ti oko lọ, torí pé mi ò kì í ṣe ọmọdé mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn bú mi. Ṣé kí n kọ́kọ́ sọ fún un láwa méjì nìkan ni, àbí lójú àwọn àna rẹ̀, kí wọ́n lè jáwọ́ nínú ààwẹ̀ tí wọ́n fẹ́ mú un gbà? Ìyẹn nìkan ni mo ń béèrè. Pé màá sọ ọ́ kí wọ́n tó gun òkè, mo ti pinnu ìyẹn.

Bí ìgbọ̀nrìrì náà bá dé, ọwọ́ mi ni Bọ́lá máa ń dì mú. Ó lè má dì í mú mọ́. Màá sọ ọ́ náà.