Orúkọ Tí Táyé Gbé Wọ Omi Ìrìbọmi

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, kí n tó la ẹnu, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi orúnkún mi tó ń ro mí yìí kúnlẹ̀ fún Ọlọ́run. Olúwa, o ṣeun. Ó tó. Ẹ fà mí dìde o, ara ti dàgbà.

Ẹ mọ iṣẹ́ tí ìjọ gbé lé mi lọ́wọ́. Èmi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n mo lè rìn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣèrìbọmi, èmi ni mò ń bá a tún ẹ̀kọ́ rẹ̀ sọ títí yóò fi mọ̀ ọ́n lórí. Ẹni tó bá ti fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, èmi náà ni mò ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Láti Agége dé Onígbòǹgbò, àwọn ajá ti mọ̀ mí, wọn kì í gbó mi mọ́.

Ọ̀rọ̀ Táyé ló gbé mi dìde lónìí, ọmọ tó ń po fúláwà nílé búrẹ́dì tó wà lẹ́bàá réluwéè l'Ágége. Nínú kíláàsì ìrìbọmi, kò sẹ́ni tó tètè gba ẹ̀kọ́ tó o. Àfi bó ṣe kù díẹ̀ ká lọ sódò, tí Táyé ò wá mọ́. Àwọn kan ní Èṣù ti gbà á lọ. Àwọn kan ní ọkùnrin ni. Mo ní, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi òun fúnra rẹ̀ ná.

Mo bá a níbi iṣẹ́, ó ń po fúláwà bí ẹni ń bá ọ̀tá jà.

"Mama, ẹ kú ìrìn o. Iṣẹ́ ló pọ̀ tẹ́ ẹ ò fi rí mi."

"Ẹ̀n-ẹ́n? Sún díẹ̀, kí n bá ọ pò ó."

"Háà! Mama, ẹ ó ba búrẹ́dì jẹ́!"

"Apá tó ti ń gún iyán kí wọ́n tó bí ìyá rẹ, ṣé fúláwà ló máa bà á lẹ́rù?"

Mo fọwọ́, mo ká aṣọ sókè, a jọ ń pò ó. Ẹ̀yin ará, bí ọwọ́ bá dí, ọkàn a máa tú. Kò pẹ́ tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo ní kó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, pé iyọ̀ tó wà nínú búrẹ́dì ti tó.

Ìgbà náà ló sọ ọ́. Tíṣà kíláàsì ní kí kálukú mú orúkọ inú Bíbélì wá, pé orúkọ àtijọ́ yóò bá omi lọ. Wọ́n ti yan Màríà fún un. Ìbejì sì ni Táyé. Kékeré ni wọ́n wà tí Kẹ́hìndé fi kú, láti ìgbà náà ni ìyá wọn ò ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.

"Mama, bí mo bá di Màríà, Ìyá Màríà ni wọ́n máa pe ìyá mi. Ta ló máa tún pè wọ́n ní Ìyá Ìbejì? Orúkọ yẹn nìkan ló ṣẹ́ kù nínú Kẹ́hìndé."

"Kí ni ìyá rẹ wí sí i?"

"Wọ́n ní kí n máa lọ ṣèrìbọmi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti sọ fún wọn, oúnjẹ ò gba ọ̀nà ọ̀fun wọn lọ dáadáa. Mo fẹ́ Jésù, Mama. Mo fẹ́ ìyá mi náà."

Mo bá gbàdúrà níbẹ̀: "Olúwa, ìwọ lo fún obìnrin yìí ní méjì. Má jẹ̀ẹ́ ká gba èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀." Àwọn tó ń kóná sí ààrò ṣe àmín. Mo gba ọ̀dọ̀ Pásítọ̀ lọ tààrà l'Íkẹjà.

Bí wọ́n ṣe rí fúláwà lójú mi, wọ́n ní, "Mama, ṣé ẹ ti di òyìnbó ni?"

Mo ròyìn fún wọn. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu wọn. Wọ́n ṣí Bíbélì, wọ́n ní Tọ́másì tó jẹ́ àpọ́sítélì gan-an, ìbejì ni wọ́n ń pè é, Jésù ò sì ní kó sọ ọ́ nù. Wọ́n ní, "Ẹ̀ṣẹ̀ la ń fi sílẹ̀ sínú omi, Mama. A kì í fi ẹ̀gbọ́n ẹni sílẹ̀ síbẹ̀."

Mo sáré padà lọ sọ fún Táyé, ó dì mọ́ mi tìyẹ̀fun-tìyẹ̀fun. Mo yà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, mo sọ fún un náà. Ó kàn bu omi tútù fún mi mu. Mo mu ún, mo kí i pé ó dàbọ̀.

Ọjọ́ pé, a lọ sí odò lẹ́bàá Àgídìngbì, pẹ̀lú orin. Mò ń wo ẹ̀yìn, mi ò rí ìyá Táyé. Ó kan Táyé, Pásítọ̀ dì í mú, wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ sókè: "Táyélolú, mo rì ọ́ bọmi ní orúkọ Baba, àti ti Ọmọ, àti ti Ẹ̀mí Mímọ́."

Bó ṣe yọrí jáde báyìí, igbe ta látẹ̀yìn igi ọparun: "Ẹ̀jìrẹ́ mi o! Ẹ̀jìrẹ́ mi!"

Ìyá rẹ̀ ni! Ó ti fara pamọ́ síbẹ̀ láti àárọ̀! Ó wọ́ aṣọ gba inú ẹrọ̀fọ̀ wá, ó gbá ọmọ rẹ̀ tó tutù mọ́ra. Pásítọ̀ wà nínú omi, omi ń ro lára wọn, wọ́n sì kí i bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ: "Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu ọmọ o!"

Ó sì dáhùn, obìnrin tí kò bá ìjọ sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí Kẹ́hìndé ti kú: "Ewu iná kì í pa àwòdì!"

Ẹ̀rín ni, ẹkún ni, gbogbo wa ò mọ èyí tí à bá ṣe.

Búrẹ́dì ọjọ́ yẹn náà ò bàjẹ́ o, Táyé. Ògo ni fún Ọlọ́run tó mọ orúkọ tó wà nínú ọkàn ìyá. Ẹ wo ẹni tó wé gèlè aró, tó jókòó ti Táyé lọ́hùn-ún yẹn. Ìyá Ìbejì, ẹ dìde kí wọ́n rí yín. Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi yọ̀, ẹ sì bá mi kí wọn bó ṣe yẹ ká kí abiyamọ:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu ọmọ!