Agolo Irú

Ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn pálọ̀ yẹn. Bí mo bá dákẹ́ títí wọ́n fi gbé ọkọ mi wọ ilé yìí lọ́la, mo ti pa wọ́n nìyẹn. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Àǹtí Ọmọ́níkẹ́, àbúrò ọkọ mi, ẹ yé sunkún. Kì í ṣe oúnjẹ tí ẹ sè ní Ifo ló gbé ẹ̀gbọ́n yín ṣubú. Èmi ni.

Nígbà tí dókítà ní kí Bàbá Tófúnmi má fẹnu kan iyọ̀ mọ́ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, àwọn fúnra wọn ni wọ́n da iyọ̀ wa nù, tí wọ́n gbé ike òfìfo sórí fíríìsà kí àlejò lè rí i. Ẹ ṣáà mọ̀ wọ́n. Wọ́n á dorí ike kodò: "Ẹ wò ó, mo lè kó ara mi níjàánu!" Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé oúnjẹ wá, wọ́n á ti àwo sẹ́yìn. "Ìyá Tófúnmi, ẹnu mi ò gbà á." Kò pẹ́ ni Stella, ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Mowe, sọ fún mi pé òun rí wọn ní Ibafo, ní ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tó ń ta ìrẹsì ọ̀fadà, tí wọ́n ń lá ìka. Ó ní, "Màmá, ẹ lajú yín o. Ibi tí ọkùnrin bá ti ń jẹun, kò ní pẹ́ sùn síbẹ̀."

Ẹ̀rù bà mí. Mo gún iyọ̀ mọ́ irú, mo rọ ọ́ sínú agolo mílíìkì. Irú ni ẹni tó bá ṣí i máa rí. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi se ọbẹ̀, ọkọ mi jẹun tán, wọ́n pè mí ní ọlọ́wọ́ ṣíbí, wọn ò sì lọ sí Ibafo mọ́. Inú mi dùn, kí n má parọ́. Àwa àgbà máa ń sọ pé nítorí ìlera la ṣe ń jẹ èyí tí a kì í jẹ tọ̀hún. Adùn ẹnu ló ń tì wá ṣe é, àti ìyìn.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ò lọ sílẹ̀. Dókítà bi wá pé, "Dádì, ṣé kò sí iyọ̀ nínú oúnjẹ yín lóòótọ́?" Ọkọ mi búra pé ìyàwó àwọn ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Dókítà yíjú sí mi: "Màmá ńkọ́?" Ibí ni mo ti ba ayé mi jẹ́. Mo ní, "Kò sí o, dókítà. Ẹ wá wo ike wa." Ó ní a jẹ́ pé oògùn ò tó, ó fi kún un. Nígbà tó yá, ó tún fi kún un. Ọwọ́ mi ni mo fi ń fún wọn ní oògùn láràárọ̀, ọwọ́ kan náà ni mo fi ń bu irú.

Àǹtí mi, ìgbà náà ni wọ́n wá kí yín ní Ifo. Ẹ ka ìwé dókítà, ẹ tẹ̀ lé e, ẹ ò fi iyọ̀ sí nǹkan kan. Ọjọ́ mẹ́ta péré. Oògùn tó ń bá iyọ̀ mi jà ò rí iyọ̀ bá jà mọ́, ẹ̀jẹ̀ wọn ló fà wálẹ̀. Wọ́n dìde lórí àga, wọ́n ṣubú lulẹ̀. Láti ìgbà náà ni ẹbí ti ń bi yín pé kí lẹ fún wọn jẹ. Ẹ ń sunkún pé, "Mo fẹ́ẹ̀ pa ẹ̀gbọ́n mi." Mo jókòó tì yín, mo ń rẹ̀ yín lẹ́kún, ìkà èmi yìí.

Lánàá, ọkọ mi di ọwọ́ mi mú lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. "Má jẹ́ kí Ọmọ́níkẹ́ se nǹkan kan fún mi mọ́. Tìrẹ nìkan ni mo lè jẹ láìbẹ̀rù." Ọ̀rọ̀ yẹn dẹ́rù bà mí ju èpè lọ. Láàárọ̀ ọ̀la ni dókítà máa kọ oògùn tuntun, irọ́ mi ló sì máa gbé e lé.

Ẹ foríjì mí, bí ẹ bá lè ṣe é. Ẹ̀yin ìyàwó kéékèèké ilé tí ẹ jókòó yìí, ẹ jẹ́ kí ọkọ yín lọ jẹun ní Ibafo. Ẹni tó lọ sí Ibafo ṣì lè padà wálé.

Àǹtí, agolo náà rèé. Ẹ tọ́ ọ wò, kí ẹ mọ̀ pé òótọ́ ni mo ń sọ. Lẹ́yìn náà kí ẹ mú mi lọ bá dókítà, kí ẹ di apá mi mú dáadáa, kí n má baà sá lọ lójú ọ̀nà.