Ẹjọ́ Ojú Odó Abíọ́nà

Ní ayé àtijọ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa o, n ò lágbára àtisọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ogun pín ìlú yìí sí méjì. Òkè ń pa Ìsàlẹ̀, Ìsàlẹ̀ ń pa Òkè. Àwọn àjèjì dé, wọ́n ní àwọn wá là wọ́n. Wọ́n fòfin de ẹjọ́ ojú odó tí àwọn baba wa ń dá, wọ́n gbé adájọ́ tiwọn kalẹ̀. Adájọ́ dá ẹjọ́ títí, ìjà ò tán. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ẹ̀yin náà kúkú mọ̀.

Nígbà tí àjèjì lọ, ọba ní, “Ẹ jẹ́ ká padà sí òfin wa.” Hùn! Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe. Òkè gbé odó tirẹ̀ wá, Ìsàlẹ̀ gbé tirẹ̀. Kálukú ń gún, wọ́n ń fi orin bú ara wọn.

Abíọ́nà, ìyá ńlá tó ṣẹ̀ wá sílẹ̀, nìkan ló kù nínú àwọn tó mọ òfin náà. Ó ti darúgbó, ayé ti sú u. Ọmọ rẹ̀, Àyọ̀ká, bógun lọ, òkú rẹ̀ kò délé. Ògúnrìndé ará Ìsàlẹ̀ ló pa á. Adájọ́ àjèjì ti rán Ògúnrìndé lẹ́wọ̀n, ó ti lọ, ó ti bọ̀.

Abíọ́nà pòṣé. “Odó kan ni! Ẹni tó ṣẹ̀ àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ á jọ gún iyán nínú rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ á máa gún, á máa jẹ́wọ́; bó bá fi ọ̀rọ̀ pamọ́, ọmọ odó á gbá ara wọn.”

Ọba ní, “Ìyá, ta ni yóò bẹ̀rẹ̀?”

Ìjòyè kan ní, “Ìyá, bí a ò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a ò ní rẹ́ni bá ṣeré.”

“Ṣé eré ni mo ní mo fẹ́ ṣe?”

Ó mọ̀ pé bí òun bá yíjú sílé, òfin náà bá òun wọlẹ̀ nìyẹn. Ara rẹ̀ sì kọ̀ láti dúró ti ẹni tó pa ọmọ rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. “Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ pe Ògúnrìndé wá.”

Wọ́n gún, wọ́n gún. Apá ń ro Abíọ́nà, ọkàn ń ro ó. Ògúnrìndé ń jẹ́wọ́, àfi pàá! ọmọ odó méjèèjì gbá ara wọn. Abíọ́nà dúró.

“Kí ló kù tó ò sọ?”

Ọkùnrin náà bú sẹ́kún. “Ìyá, kò tètè kú. Ó ń pè yín. Mo fi aṣọ mi wé e, mo sin ín sídìí igi ìyeyè létí odò.”

“Kí ló dé tó ò sọ látọjọ́ yìí?”

“Kò sẹ́ni tó bi mí.”

Abíọ́nà ò sọ pé òun dárí jì í. Ó ní, “Máa gún, iyán ń tutù.” Lọ́jọ́ kejì, Òkè àti Ìsàlẹ̀ jọ tọ ọ̀nà kan lọ sétí odò, wọ́n gbé Àyọ̀ká wálé. Abíọ́nà sunkún, ó wá sùn. Ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù lọ.

Ìdí nìyẹn tá ò fi ń gbọ́ ẹjọ́ nínú agboolé yìí kí oníjà méjì tó jọ gún iyán nínú odó kan. Òkèlè àkọ́kọ́, a kì í jẹ ẹ́, ìdí igi ìyeyè là ń gbé e lọ.

Ó rẹ èmi náà. Adéṣọkàn, Olúgbèmí, ọmọ ìyá kan náà, tẹ́ ẹ ti yodì láti ìgbà tá a ti sin bàbá yín, ẹ dìde. Iṣu ti jinná.