"Ọkọ Mi" Tí Wọ́n Kọ Sábẹ́ Fọ́tò

Ó ti rẹ̀ mí. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí èèyàn ń sùn kó lọ. Ẹ wò mí, ọmọ tó kàn lọ kọ́ṣẹ́, mi ò jalè, mi ò pààyàn, síbẹ̀ agboolé kan ní Ìsàlẹ̀ Gángan ti dàrú nítorí ọ̀rọ̀ tó gba ọwọ́ mi kọjá. Màmá mi, tó ń ta mílíìkì àti sẹ́mó ní Òkè Àrin, kì í bá mi sọ̀rọ̀ dénú mọ́. Ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì sì ní bí mo bá fi lanu, òun ò ní fọwọ́ sí ìwé tí màá gbé padà sílé-ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín.

Ilé-ìwé wa máa ń rán àwọn tó kù díẹ̀ kí wọ́n jáde lọ kọ́ṣẹ́, ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú ìwé àti fọ́tò àtijọ́ ní Erékùṣù Èkó ló sì gbà mí. Màmá mi ló mú Alhaja wá. Oníbàárà rẹ̀ ni wọ́n, wọ́n sì ti di ọ̀rẹ́. Ọkọ Alhaja, tó ti dolóògbé, ló ni ilé fọ́tò kan ládùúgbò wọn láyé ọjọ́un, gbogbo fọ́tò tó yà ló sì wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Màmá mi ní, "Ẹ kó wọn fún ọmọ mi, Alhaja, kí eku má jẹ wọ́n tán." Bí páálí ṣe dé nìyẹn, tí ọ̀gá mi sì ní iṣẹ́ mi ti dé.

Iṣẹ́ dé lóòótọ́! Fọ́tò ti lẹ̀ mọ́ra wọn bí mọ́ínmọ́ín tó lẹ̀ mọ́ ewé. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni mo ń ṣí wọn, tí mo ń yọ pínnì tó ti dípẹtà, tí mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku. A ò gbọdọ̀ tan fáànù, kó má bàa gbé fọ́tò lọ, bẹ́ẹ̀ la ò gbọdọ̀ jẹ́ kí òógùn kán sí wọn lórí. Ẹ sọ fún mi, báwo lèèyàn ṣe ń ṣe ìyẹn nínú ooru Èkó? Lẹ́yìn ìrun Alásárì, màá kó díẹ̀ lọ bá Alhaja lórí ẹní wọn, kí wọ́n sọ ẹni tó wà nínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan, kí n kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ibi kan ṣoṣo tí iṣẹ́ náà ti dùn mọ́ mi nìyẹn.

Bàbá oníyàwòrán kì í sí nínú fọ́tò ara rẹ̀. Ta ni ì bá ya òun? Bó bá fẹ́ mọ̀ bóyá iná tó, àbúrò rẹ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, Lámídì, ló máa ń ní kó lọ dúró ti ìyàwó òun. Alhaja ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun nígbà náà, ẹ sì mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ ilé tó bá nílé ọkọ lórúkọ, kódà kó jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ọkọ ni gbogbo wọn. Ẹni tó gbé e níyàwó gan-an, orúkọ àkọ́bí wọn ló fi ń pè é, Bàbá Ṣẹ̀fíù. Lámídì ni "Ọkọ mi Adúmáadán". Nígbà tí mo fi fọ́tò náà hàn wọ́n, wọ́n bú sẹ́rìn-ín: "Èmi àti ọkọ mi Adúmáadán nìyí. Wò ó bó ṣe ń ṣakọ, àfi bíi pé òun ló ni ṣọ́ọ̀bù!" Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo sì sọ fún ọ̀gá mi pé àbúrò ọkọ ni.

Nígbà tí àfihàn tí ọ́fíìsì fẹ́ fi àwọn fọ́tò náà ṣe kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀gá mi ní Gẹ̀ẹ́sì ni ká kọ sábẹ́ fọ́tò, nítorí àwọn àlejò. Wọn ò pe èèyàn kankan tó máa túmọ̀ rẹ̀. Orí fóònù ni wọ́n ti ní kí ẹ̀rọ túmọ̀ gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ tí a ṣí àfihàn ni èmi náà tó rí i. Wọ́n ti sọ fọ́tò yẹn di ńlá bí ilẹ̀kùn, ohun tí wọ́n sì kọ sábẹ́ rẹ̀ lédè òyìnbó ni "Èmi àti ọkọ mi arẹwà dúdú". Ràfíù, àbíkẹ́yìn Alhaja, dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ga, ó dúdú, ó jọ àbúrò bàbá rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n gé e lára rẹ̀. Kí ló burú níbẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ kan náà kọ́ ni? Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Rafiu, so na your popsi be this? See as una resemble!" Ràfíù yí padà, ó gba ilé lọ. Ó dé agboolé, ó sì bi ìyá rẹ̀ níwájú gbogbo ilé pé, "Màmá, ta ni bàbá mi?"

Háà! Ẹyin lohùn. Alhaja ṣàlàyé títí. Ràfíù ní bí kì í bá ṣe òótọ́, kí ló dé tí wọ́n fi sọ ọ́ fún ọ́fíìsì? Ó ní àfi kí ẹnìkan láti ọ́fíìsì wá sọ fún ẹbí pé àwọn ló ṣàṣìṣe. Mo sáré lọ bá ọ̀gá mi. Wọ́n ní, "Ṣé ọkọ kọ́ ni màmá pè é ni? Àwọn tó ń fowó ràn wá lọ́wọ́ ṣì ń bọ̀ wá wo àfihàn náà, please don't spoil this thing for us. Bí wọ́n bá bi ẹ́, sọ pé ohun tí màmá sọ la kọ." Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù, nítorí pé Alhaja sọ ọ́ lóòótọ́.

Mo lọ kí wọn lánàá. Wọn ò bínú sí mi, wọ́n fún mi lómi mu. Bí a ti jókòó ni wọ́n kọjú sí yàrá ẹ̀yìn, níbi tí àbúrò ọkọ wọn ń gbé, wọ́n sì ké pe arúgbó náà: "Lámídì! Oúnjẹ ẹ ń tutù." Lámídì lásán! Èmi ni ojú tì. Bàbá náà jáde wá, wọ́n gbé abọ́ náà, wọ́n sì wọlé padà láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Àìkú ni ìpàdé ẹbí. Ọjọ́ Ajé ni ọ̀gá mi máa fọwọ́ sí ìwé mi. Bí mo bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ó ṣeé ṣe kí n tún ọdún kan gbáko kà, màmá mi ló sì ń sanwó. Bí mo bá dákẹ́, ọmọ kan ò ní mọ bàbá rẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ó ní bàbá. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, èmi ni wọ́n sì gbé e lé lórí kiri. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà jù mí lọ, kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe? Alhaja ò bẹ̀ mí pé kí n wá. Nígbà tí mo ń lọ, wọ́n kàn sọ fún ọmọ wọn àgbà pé bí wọ́n bá ń tẹ́ ẹní lọ́jọ́ Àìkú, kí wọ́n fi àyè tèmi sílẹ̀.