Ìyá Àgbà Mi Kì Í Ṣe Àjèjì

Ẹ má tíì dá mi lóhùn, Ìyáàfin Hruska, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán! Ẹ̀yin ni olùdámọ̀ràn wa nílé ẹ̀kọ́ yìí, ẹ̀yin náà lẹ fi yíǹkì pupa kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù iṣẹ́ ìyọ̀ǹda ara ẹni mi pé, ‘Kò wọlé. Ẹbí ni.’ Ẹgbẹ̀rún wákàtí ó lé! Mo kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ lọ́jọ́, ẹ wá fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin pa á rẹ́.

Ẹ ní òfin ni? Òfin wo? Ṣé ẹni tó bá tọ́jú ìyá àgbà ẹlòmíì ló ṣoore, ẹni tó tọ́jú tiẹ̀ ò ṣe nǹkan kan? Ọdún tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu ìyá àgbà mi. Màmá mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ó wà ní Wyoming lónìí, ó di Texas lọ́la. Ta ló kù nílé? Èmi Jolene náà ni! Èmi ni mò ń gbé e dìde, èmi ni mò ń wẹ̀ fún un. Tí agogo mẹ́ta bá lù, àwọn ẹgbẹ́ mi á gbé fèrè lọ sórí pápá, èmi á sáré lọ bá bọ́ọ̀sì. Mo máa ń gbọ́ orin wọn títí bọ́ọ̀sì á fi yà. Mo mọ fèrè fọn o! Ṣé ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀?

Èyí tó wá dùn mí jù, ta lẹ rán wá sílé wa lọ́dún tó kọjá? Tessa Lindgren! Wákàtí kan ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, kó wá kàwé fún ìyá àgbà mi. Ìyá àgbà á sùn lọ, Tessa á máa tẹ fóònù. Ó ń jẹ kolache, búrẹ́dì aládùn tí mo fọwọ́ ara mi yan, ó ní, ‘Jolene, o ò ṣe dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ afunfèrè wa? O kàn ń jókòó sílé ṣáá.’ Háà! Aṣọ ibùsùn ìyá àgbà tó tutù fún ìtọ̀ wà lọ́wọ́ mi nígbà tó ń sọ ọ́ o! Nígbà tí ogójì wákàtí ẹ̀ pé, ìyá àgbà ní láti buwọ́ lu fọ́ọ̀mù ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ò sì lè di bírò mú. Ta ló bá a dì í mú? Èmi! Òun lẹ máa fi okùn aláwọ̀ wúrà, àmì ẹ̀yẹ àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn, kọ́ lọ́rùn lọ́jọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́yege. Yàrá kan náà, arúgbó kan náà!

Ẹ gbé tíṣù yín kúrò, mi ò sunkún. Rárá, mà, mi ò bínú sí Tessa. Ká sòótọ́, lẹ́yìn tí kò wá mọ́, mo ṣì ń yan kolache ní Ọjọ́bọ̀. Òun nìkan ló ń kan ilẹ̀kùn wa.

Ẹ fi okùn yín sílẹ̀, mi ò fẹ́ ẹ mọ́. Ṣé lọ́jọ́ Ẹtì ni ìwé àwòrán àwa tó ń jáde ń lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé? Mo ti rí ojú ìwé tiwa. Abẹ́ àwòrán Tessa kún dẹ́múdẹ́mú: ‘Fèrè, 1, 2, 3, 4,’ gbogbo ọdún tó fi fọn ọ́n. Abẹ́ tèmi funfun báláú. Lẹ́yìn ogún ọdún, ẹnì kan á ṣí i, á ní, ‘Ta nìyí? Ṣé ó bá wa kàwé ni?’ Ẹ mú bírò, mà. Mi ò ní í dìde lórí àga yìí àfi tí ẹ bá kọ ọ́ ṣójú mi: ‘Ìyá àgbà, 1, 2, 3, 4.’

Rárá o, ẹ má fi àmì ìdánudúró sí ìparí ẹ̀! Obìnrin náà ṣì wà láàyè.