Ọmọ Owú Bàbá Ògúndélé

Nígbà tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, tí mo lè fò mọ́ ọkọ̀ akẹ́rù láìdágbére fún ẹnikẹ́ni… àsìkò yẹn ni mò ń sọ. Gbé fóònù yẹn súnmọ́ mi, ohùn mi ò lọ sókè mọ́. Ìwọ ọmọ Àbẹ̀kẹ́, o ní kí n sọ̀rọ̀ nípa bàbá tó bí ìyá rẹ. Màá sọ. Ṣùgbọ́n má ní kí n jókòó dáadáa o. Bí mo ṣe ń jókòó nìyí.

Mo ti ṣe ọmọ ọkọ̀. Mo ti ru sìmẹ́ńtì ní Ìjọ́ra, mo ti sùn sábẹ́ afárá. Mo ti tó ẹni ọgbọ̀n ọdún kí n tó dé agbẹ̀dẹ Bàbá Ògúndélé ní Ìpọ̀nrí. Páànù mẹ́rin lókè, òpó mẹ́rin nílẹ̀, èéfín láàárín. Bàbá wò mí látòkè délẹ̀.

"Kí lo mọ̀ ọ́n ṣe?"

Mo ní, "Mo lágbára, Bàbá."

Ó ní, "Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà lágbára. Gbé òòlù yẹn."

Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ nìyẹn.

Gbọ́ bí a ṣe ń ṣe é. Bàbá á fi ẹmú di irin gbígbóná mú lórí owú, irin ńlá tí a ń lu nǹkan lé. Ọwọ́ rẹ̀ kejì, ọmọ owú ló wà níbẹ̀, òòlù kékeré tó gbà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, tíyẹn náà gbà lọ́wọ́ bàbá tirẹ̀. Ó máa fi kan irin níbì kan, kìn! Èmi á gbé òòlù ńlá sọ̀kalẹ̀ síbẹ̀ gan-an, gbì! Kìn, gbì. Kìn, gbì. Kò sí ọ̀rọ̀. Irin ìdí ọkọ̀ tó ti kú lówùúrọ̀, ó di àáké kó tó di ìrọ̀lẹ́. Lónìí ńkọ́? Ọ̀bẹ inú ọ̀rá lẹ ń rà. Ó gé àlùbọ́sà lẹ́ẹ̀mejì, ó kú.

Ìyá rẹ ńkọ́? Ìdí ẹwìrì ló wà. Òun ló ń fín iná. Ó ti jáde ilé ìwé nígbà yẹn, ọmọge ni, eérú sì ń kún irun rẹ̀. Bàbá ò lọ́mọ ọkùnrin, ṣùgbọ́n ó ní obìnrin kì í gbé ọmọ owú. Bó ṣe bá a nìyẹn. Ta ló máa bá a jiyàn?

Ọdún karùn-ún tí mo débẹ̀, ojú Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Kò sọ fún wa. A kàn ń rí i tó ń fọwọ́ wá ẹmú tó wà níwájú rẹ̀… Àwa náà ń ṣe bíi pé a ò rí i.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀bẹ alápatà kan wà nínú iná. Bàbá yíjú sí mi. "Àwọ̀ wo ló ní?"

Ẹ gbọ́ o. Kí wọ́n tó ti irin bọ omi, àwọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Bí kò bá tíì tó, ọ̀bẹ á máa tẹ̀. Bó bá kọjá, á ṣẹ́ bí àwo tánganran. Èmi ńkọ́? Ọdún márùn-ún, mi ò wo àwọ̀ rí! Ibi tí ọmọ owú bá kàn, ibẹ̀ nìkan lojú mi ń lọ. Ojú tì mí. Mo ní, "Ó ti tó, Bàbá."

Ìyá rẹ sọ̀rọ̀ nídìí ẹwìrì. "Ó ti kọjá, Bàbá. Ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀ díẹ̀."

Bàbá ní, "Mi ò bi ẹwìrì." Ó ti ọ̀bẹ bọ omi. Ṣàà!

Ọjọ́ kẹta, alápatà dé. Ààbọ̀ ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọ̀tún, ààbọ̀ lọ́wọ́ òsì. "Bàbá, màlúù ti kú tẹ́lẹ̀ o. Ọ̀bẹ yín ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kú."

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó fi àtàǹpàkò pa ojú ibi tó ti ṣẹ́. "Àbẹ̀kẹ́. Kí lo rí lọ́jọ́ yẹn?"

"Ó ti pọ́n bí ìyeyè, Bàbá. Awọ àgbálùmọ̀ ni ì bá dà bí."

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ẹni tó ń fín iná, kí ni kó máa wò?"

Láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo irin tó bá wọ iná, Bàbá á pè é. "Àbẹ̀kẹ́, ó dé ibo?"

"Ó ṣì wà ní epo, Bàbá."

"Báyìí ńkọ́?"

"Àgbálùmọ̀!"

"Tì í bọ omi!"

Ojú tirẹ̀, ọwọ́ Bàbá, agbára tèmi. Ẹni mẹ́ta, alágbẹ̀dẹ kan. Mo ti rin ìlú tó pọ̀, ọmọ mi… mi ò tún rí irú ayé bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ìgbà tí àìsàn dá Bàbá dùbúlẹ̀, ó pe àwa méjèèjì. Ọwọ́ èmi ló fi ọmọ owú sí. Ó ní, "Ìwọ ni ọkùnrin." Ó tún ní, "Ṣùgbọ́n máa bi í." Àbẹ̀kẹ́ tún gèlè rẹ̀ wé, ó padà sídìí ẹwìrì.

Bàbá kú. Mo bi Àbẹ̀kẹ́ léèrè àwọ̀ irin fún oṣù méjì. Àwọn oníbàárà ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀: "Ọ̀gá, ṣé obìnrin ló ń kọ́ ẹ níṣẹ́ ni?" Ìgbéraga, kí ló dé tóo fẹ́ràn òpònú? Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo fi àkísà di ọmọ owú, mo fò mọ́ ọkọ̀ ní Costain, ó di òkè Ọya.

Òòlù pọ̀ lọ́jà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọmọ owú Ògúndélé bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ làwọn èèyàn mọ̀ lọ́gàá. Wọn ò gbéṣẹ́ wá fún ìyá rẹ. Ìgbà tí mo fi máa padà, wọ́n ti tú páànù. Ó sì ti lọ sílé ọkọ. Mi ò lè lọ wò ó lójú.

Láti ìgbà náà, mi ò fi ọmọ owú náà lu irin kankan. Ẹkùrọ́ ni mo fi pa rí. Kí Ògún foríjì mí.

O ní tí wẹ́dà tó ń jó irin níwájú ilé yín bá ń ṣiṣẹ́, ìyá rẹ á máa dá sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé, "Ó ti kọjá, ó ti kọjá." O ní ẹ máa ń fi rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín sí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ṣẹ́ ọwọ́ báyìí, ọwọ́ ọ̀gá nìkan lẹ ń yà sí fóònù. Ẹ máa yà á. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè ẹni tó jókòó sídìí iná.

Fa àpò yẹn wá. Rárá, èyí tó wà lábẹ́ ibùsùn. Òun nìyẹn… ọmọ owú ló wà nínú rẹ̀, ó wúwo, àbí? Má bá mi fọ ọ́. Gbé e fún ìyá rẹ. Má sọ pé mo kí i, mi ò lẹ́nu ìkíni. Bó bá ti bọ́ sí i lọ́wọ́, bi í léèrè fún mi:

"Àbẹ̀kẹ́, ó dé ibo?"